Bí Mo Ṣe Dán Mọ́tò Dúdú Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi wà tó jẹ́ pé góòlù ló ń mú ojú wọn tàn. Èmi? Ẹ gbé agolo kọ́ńpáǹdì tuntun fún mi, èyí tẹ́nikẹ́ni ò tíì ṣí rí. Kí n ṣí i, kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n fi ìka tọ́ ọ wò. Háà! Inú mi á máa dùn ṣìnkìn. Ọkọ mi ní nǹkan kan ń ṣe mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa gbà á bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ mi ní Mówè ni kí n mú àwọ̀ mọ́tò tó ti ṣá padà bọ̀ sípò. Ẹ má pè mí ní ẹni tó ń fọ mọ́tò o, a ó jà. Mi ò sì kì í kun mọ́tò. Ẹ ṣáà mọ eruku Mówè. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, mọ́tò funfun á pọ́n bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń fọ mọ́tò á mú fóòmù tó ti já bọ́ sínú iyanrìn, wọ́n á tì í bọ inú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, wọ́n á sì máa fi ha ara mọ́tò yí po, yí po. Ẹ jẹ́ kí oòrùn tàn sí i lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn lára rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àwọn ìlà yẹn ló ń bọ́ èmi àtàwọn ọmọ mi.

Bí mo ṣe ń yọ wọ́n kò ṣòro láti sọ. Kọ́ńpáǹdì jẹ́ ohun tó kì pọ̀pọ̀ bí ògì, tí yanrìn tíntìntín wà nínú rẹ̀. Mo máa ń fi sórí páàdì fóòmù roboto, màá tan maṣíìnì, páàdì á máa yí, á sì máa gé ojú àwọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí ìlà á fi tán. Pọ́líìṣì ló máa ń tẹ̀ lé e, òun kì í gé púpọ̀, dídán ló ń mú wá. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kéèyàn mọ èyí tó yẹ kó mú. Tó bá le jù, o ti ba mọ́tò onímọ́tò jẹ́. Tó bá rọ̀ jù, o ó lágùn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí asán.

Nínú gbogbo mọ́tò tí mo ti ṣe, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú tó sì dẹ́rù bà mí tó ti bàbá mi. Ifọ̀ ni Bàbá ń gbé. Mọ́tò olówó ni wọ́n wà fún bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó ra tiwọn, dúdú, èyí tí wọ́n ń tọ́jú bí ọmọ tuntun. Wọ́n kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wà á. Inú àpò bùbá wọn ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Bàbá ní ọmọ àná ni dókítà, pé àwọn rí gbogbo nǹkan kedere. Bó ṣe le tó, àwa ọmọ ò mọ̀, torí Bàbá kì í sọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kan, wọ́n wa mọ́tò gun ààrò obìnrin tó ń sun àgbàdo ní ìkóríta. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá náà mọ bí wọ́n ṣe ń fò. Bàbá ní ẹ̀yìn ọkọ̀ ló yọ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ iléèwé ń sọdá títì, Bàbá ò dúró. Tíṣà wọn ló fa ọmọdébìnrin kan ní kọ́là aṣọ sẹ́yìn. Tíṣà náà tọ Bàbá wálé wá fẹjọ́ sùn. Bàbá ní mọ́tò yìí mọ ọ̀nà ju tíṣà lọ.

Ẹ̀rù wá bà wá wàyí. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣe káfíńtà ní Àgbàdo, lọ bá wọn. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a bẹ̀ wọ́n títí ọ̀nà ọ̀fun wa fi gbẹ. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wo ìta lọ síbi tí mọ́tò wà.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mo rà á, mo rí ojú ara mi nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ojú mi gan-an, bí mo ṣe ń wò yín yìí. Ọjọ́ tí mo bá tún rí i bẹ́ẹ̀, màá gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún yín, màá sì mọ̀ pé mo fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a."

Àbúrò mi tú èémí jáde bí táyà tó jò. Ó mọ̀ pé ọ̀nà àtisọ "rárá" ni Bàbá ń wá, torí mọ́tò náà ti ṣá débi pé èèyàn ò lè rí òjìji ọwọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti fò dìde.

Mo ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, Ìyá mi." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, torí pé lẹ́yìn tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi.

"Tí ẹ bá rí ojú yín nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ di tiwa?"

"Ó di tiyín. Bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn lèmi ń wò o."

Ẹ gbà mí! Bàbá mi gbàgbé irú iṣẹ́ tí ọmọ wọn ń ṣe ni àbí kí ni? Mo ń jó nínú mi láti Ifọ̀ títí mo fi dé Mówè. Mo ń fojú inú wò ó bí kọ́kọ́rọ́ á ṣe já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, ilé ìtajà Àlájì onípẹ́ńtì ní Ìbafọ̀ ni mo gbà lọ. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni gbogbo àwa tá à ń fi maṣíìnì dán mọ́tò ti ń ra nǹkan. Wọn kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo. Etí ni wọ́n fi ń yàn án. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ro ẹjọ́. Wọ́n gbé tẹ̀súbáà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ṣí agolo mẹ́ta sílẹ̀. Wọ́n bu díẹ̀ nínú àkọ́kọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún un pọ̀ lẹ́bàá etí wọn, wọ́n ń fọwọ́ ra á.

Wọ́n ní, "Gbé etí wá."

Mo gbé etí súnmọ́ ọn. Kíríkírí, kíríkírí, bí ẹni ń jẹ iyanrìn. Ìkejì ń ṣe fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ìkẹta, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Èyí tó ń pariwo yìí ló máa ń wù yín," ni Àlájì wí. "Jàǹbá ọkọ̀ ò tíì ba mọ́tò jẹ́ tó òun. Ṣé wọ́n da kílíà lé mọ́tò bàbá rẹ?"

Kílíà ni àwọ̀ tí kò ní àwọ̀, tó ń dán bíi gíláàsì, tí àwọn akunmọ́tò máa ń fọ́n lé orí pẹ́ńtì láti dáàbò bò ó. Mo ní mi ò mọ̀.

"O ò mọ̀, o sì ń wo agolo aláriwo bí ẹni rí ẹran díndín! Tí kò bá sí kílíà, pẹ́ńtì gan-an lò ń gé yẹn. Tó o bá gé e tán, ó tán nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn, níbi tójú ò tó, ni kó o ti kọ́kọ́ dán an wò. Kó má fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Èyí tó dákẹ́ jù ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú..."

"Kì í bàjẹ́, sà," mo bá wọn parí ẹ̀. Ẹnu mi ló wà níbẹ̀. Mo ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú mi, èyí tó ń pariwo ni akíkanjú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá tó yẹn, kí ni èyí tó ń dákẹ́ fẹ́ bá a sọ?

Bàbá ò gbà kí mọ́tò kúrò lágbàlá, nítorí náà èmi ni mo ru maṣíìnì mi lọ sí Ifọ̀. Àbúrò mi ti gba ìsinmi lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ní òun wá wòran. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Iná wà, ojú ọjọ́ sì dáa. Mo fọ mọ́tò náà, mo nù ún gbẹ, mo fi téèpù bo àwọn etí rẹ̀. Àwo ọbẹ̀ tí Àlájì ń sọ, ẹ dákun, ta ló ráyè? Mo bu kọ́ńpáǹdì aláriwo sórí páàdì, àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo gbé e lé tààrà. Mo tan maṣíìnì.

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí mo fi gbé páàdì sókè. Páàdì funfun mi ti dúdú bí ìdí ìkòkò!

Àyà mi já. Mo ti gé pẹ́ńtì Bàbá tán. Mo nù ún, dúdú. Mo mú aṣọ mìíràn, dúdú. Òógùn bò mí. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni ọmọdébìnrin tí tíṣà fà ní kọ́là. Tí bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá á wa mọ́tò yẹn títí wọ́n á fi pààyàn, wọ́n á sì ní èmi ni mo bà á jẹ́.

Àbúrò mi yọjú, ó wò ó, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Mo ní, "Tó o bá tún lanu níbẹ̀ yẹn, maṣíìnì yìí ni màá fi dán eyín ẹ."

Bàbá húkọ́ lórí bẹ́ǹṣì. "Ìyá mi, ṣé dúdú ló ń jáde ni?"

"Dúdú ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

Wọ́n tún húkọ́. Wọ́n fọwọ́ nu imú. Mo mọ bàbá mi, ohun kan ń tì wọ́n lójú.

"Ó ṣeé ṣe," wọ́n ní, "kó jẹ́ pọ́líìṣì bàtà."

"Pọ́líìṣì kí ni?"

"Bàtà. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, kí n tó lọ kírun, mo máa ń fi díẹ̀ pa á. Ó ń ṣá, kò sì yẹ kí mọ́tò ṣíṣá dúró níwájú mọ́ṣáláṣí."

"Bàbá mi! Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ìwọ náà wò ó, ṣé kì í ṣe dúdú kan náà ni?"

Àbúrò mi ti wà nílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi, ó bí mi gan-an, kí ẹ̀rín tó gbé mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí garawa. Ẹnìkan ṣoṣo ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń pa pọ́líìṣì bàtà fún mọ́tò, inú ilé wa ló wà!

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi aṣọ rírọ̀ àti kẹrosíìnì díẹ̀ nu gbogbo pọ́líìṣì bàtà kúrò, tí mo tún fọ̀ ọ́, ẹ̀rín náà lọ. Ibi tí aláriwo ti kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ti funfun bí omi ẹ̀kọ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kò tíì gé dé ìsàlẹ̀, Ọlọ́run ló yọ mí. Mo wá fi ìtìjú gbé ara mi lọ sí ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, lẹ́bàá táyà. Mo fi ìwọ̀n àwo ọbẹ̀ dán an wò, èyí tó dákẹ́ ni mo lò. Páàdì gba dúdú díẹ̀, dúdú tó mọ́, kì í ṣe ti bàtà. Kò sí kílíà nìyẹn. Pẹ́ńtì gan-an ni mo wà lórí ẹ̀, mi ò sì mọ bó ṣe nípọn tó.

Mo pe Àlájì lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n má ṣépè fún mi, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé o ò ní gbọ́. Ìkejì, èyí tó ń ṣe fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ni kó o mú báyìí, pẹ̀lú páàdì tó rọ̀ jù. Má tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí maṣíìnì gbé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tó dákẹ́. Tó o bá rí i tó ń pọ́n, sá."

Pípọ́n yẹn ni pẹ́ńtì ìsàlẹ̀. Tó bá yọjú, ó ti parí.

Mo mú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo bu ìwọ̀n ẹ̀wà mẹ́rin sórí páàdì, mo gbé e lé ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn, mo fà á lọ, mo fà á bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré. Mo pa maṣíìnì. Mo nù ún.

Yéè! Ẹ̀yin èèyàn mi, dúdú tó wà níbẹ̀! Dúdú bí kóró iṣin! Igi máńgòrò wà nínú rẹ̀, ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀. Mo pariwo débi pé obìnrin ilé kejì sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó rò pé ejò ló bù mí jẹ. Mo fà á lọ́wọ́ wá. Mo ní kó wòran. Ó wo ara rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn mọ́tò, ó tún gèlè wé.

Láti ìgbà yẹn, ẹni kan ò lè dá mi dúró. Mo ṣe ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ṣe búùtù, mo ṣe òrùlé. Oúnjẹ tí àbúrò mi gbé wá, ó tutù síbẹ̀. Mo ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀, mo ń kì í, mo ń bú u níbi tó bá ti ṣe agídí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ọwọ́ mi lè balẹ̀. Mo sùn nílé Bàbá.

Láàárọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti etí, mo ń súnmọ́ àárín. Fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, mo nù ún, mo fi iná fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó funfun bí omi ẹ̀kọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé orí ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò lè mí. Mo ń retí kó pọ́n. Mo ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, má pọ́n, jọ̀ọ́, má pọ́n. Kò pọ́n. Ó ṣí bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi èyí tó dákẹ́ kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, kò pariwo rárá, ó kàn ń dán, ó ń dán. Ojú sánmà wọlé sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì bàbá mi, àwọsánmà ń kọjá lọ níbẹ̀. Mo gbé maṣíìnì sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ayọ̀ ni o.

Mo pe Bàbá. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bùbá, wọ́n dé fìlà funfun. Àbúrò mi dúró sápá ọ̀tún, ó ń wo ara rẹ̀, ó ń to irùngbọ̀n. Obìnrin ilé kejì dúró sẹ́yìn. Èmi wà lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, mo ti na àtẹ́lẹwọ́.

Bàbá wò ó. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n fi etí bùbá nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí i, títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀."

Ẹ̀jẹ̀ ru bò mí lójú. "Kí ló kù, Bàbá mi? Kí ló kù? Ẹ ti mọ̀ pé ẹ ò ní gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí n fi ọjọ́ méjì pa ara mi! Ojú yín rèé! Fìlà yín rèé! Irùngbọ̀n yín rèé!" Mo ń fi ìka kàn án lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ti fi ọwọ́ ba iṣẹ́ ara mi jẹ́.

Bàbá ní, "Níbo?"

"Níbí!"

"Níbo, Ìyá mi?"

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohùn wọn. Kò sí àrékérekè nínú rẹ̀. Wọ́n ń bi mí ni. Mo gbójú sókè, mo rí àbúrò mi, kò to irùngbọ̀n mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ro kọ́ńpáǹdì, mo ro páàdì, mo ro kílíà, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí pé ojú kan ṣoṣo tí mo ń dán mọ́tò yìí fún, kò ríran débẹ̀ mọ́.

Bàbá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ títí dé etí rẹ̀.

"Ìwọ rí mi níbẹ̀?"

"Mo rí yín, sà."

"Fìlà wo ni mo dé?"

"Funfun, sà."

"Ó tọ́?"

"Ó tọ́, sà. Ó tẹ̀ sápá òsì díẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n tún fìlà náà ṣe. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹkún mi, mo yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìn mọ́tò lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò. Wọ́n dúró fúngbà díẹ̀, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú àpò yẹn, kí wọ́n tó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Wọ́n nà án sí apá òsì, níbi tí mo ti kúrò.

Wọ́n ní, "Gbà, Ìyá mi. O ṣeun."

Àbúrò mi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi má baà dún, mo rìn yí mọ́tò ká padà síbi tí ọwọ́ Bàbá wà, mo sì kúnlẹ̀ gbà á.